Bí ẹ ṣe lè ṣe ìwé àdéhùn dúkìá ṣáájú ìgbéyàwó, tí yóò sì dúró níwájú adájọ́

Ìwé àdéhùn dúkìá ni ìwé tí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ fẹ́ra wọn máa ń jọ fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ó ń sọ ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbèsè tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti bí wọn yóò ṣe ṣe ohun tí wọ́n bá jọ ní lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀ nílé, ohun tí àwọn àgbà máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ ò tíì wọlé, ẹ ti ń wá ọ̀nà àtijáde. Ọ̀rọ̀ wọn yé wa, àmọ́ ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú tí ẹbí sì ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, tàbí lọ́jọ́ tí báńkì bá wá gbé mọ́tò nítorí gbèsè tí ẹnì kejì ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ìwé yìí ni wọ́n máa ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí àwọn ọmọ ìyálé bá ní ilé tí ìyàwó kejì fi owó ara rẹ̀ kọ́ jẹ́ ti bàbá àwọn.

Ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí tọkọtaya bá pínyà ní Nàìjíríà, adájọ́ yóò la gbogbo dúkìá sí méjì ọgbọọgba. Inú fíìmù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ẹni tó wà lára ìwé dúkìá ni ilé ẹjọ́ ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé owó òun wà níbẹ̀, àti iye tí owó náà jẹ́. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1992, ìyàwó sọ pé òun dá sí ilé tí ọkọ òun kọ́. Kò lè ṣàlàyé pàtó ohun tó mú wá, ó sì pàdánù.

Nítorí náà, olówó kọ́ ni ìwé yìí ń gbè jù ní Nàìjíríà. Olówó ti ní ààbò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) àti ìwé mọ́tò. Ẹni tí ìwé náà ń gbè jù ni ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé láìsí orúkọ. Ìyàwó tó ń ra símẹ́ǹtì àti irin wà lára wọn, ọkọ tó ń fi owó oṣù gbé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ró náà wà lára wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fọwọ́ sí i, tí ẹ sì rò pé ẹ ò ní dúkìá kankan, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Àmọ́ ìwé náà kì í de adájọ́ lọ́wọ́. Abala 72 nínú Matrimonial Causes Act ti 1970, òfin tó ń bójú tó ẹjọ́ tọkọtaya, gba adájọ́ láyè láti wo àdéhùn dúkìá tí tọkọtaya ti ṣe, yálà ṣáájú ìgbéyàwó tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó sì pa àṣẹ tó bá rí i pé ó tọ́ fún àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ wọn. Ó lè tẹ̀ lé e látòkèdélẹ̀, ó sì lè yí apá kan padà. Iṣẹ́ yín ni kí ìwé náà mọ́ débi tí kò fi ní rí ìdí láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dá lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ fẹ́ ṣe

Ìgbéyàwó kóòtù, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ, ni òfin 1970 yẹn ń bójú tó, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìjà rẹ̀ lọ, abala 72 ò sì dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹni tó ń ṣe ti ìbílẹ̀ nìkan má kọ ìwé. Kó kọ ọ́, kó sì mọ̀ pé ẹ̀rí lásán àti àdéhùn bíi ti òwò ni yóò jẹ́. Ilé olórogún sì wà lára ibi tó ti wúlò jù, torí bí baálé bá kú tí ẹbí fẹ́ pín ogún, ì báà jẹ́ ìdí-igi (ìpín kan fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ì báà jẹ́ orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), ohun tó wà lákọsílẹ̀ pé ó jẹ́ ti ìyàwó kan kò yẹ kó bá ohun ìní bàbá wọ inú ogún.

Àwọn Mùsùlùmí lè sọ àdéhùn mọ́ yìgì kí wọ́n tó so ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́rìí yìgì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ sàdáàkì sí abẹ́ ohun ìní ìyàwó, torí tirẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ilé ìjọsìn ló ní ìwé àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ bóyá wọ́n ní in, àti bóyá ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fún yín jẹ́ ti ìjọba tàbí èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ẹ lè ṣe ayẹyẹ tó kún fọ́fọ́, kó wá jẹ́ pé ti ìbílẹ̀ tí ẹ ṣe lọ́jọ́ Thursday nìkan ni òfin mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀

Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní registry, ọjọ́ 21 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fi ìkéde sílẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe ìgbéyàwó náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ẹ tó lọ fi ìkéde sílẹ̀.

Ìdí ni pé ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà ẹnì kejì yóò sọ lọ́jọ́ ìjà ni pé wọ́n fi ipá mú oníbàárà òun. Bí ọjọ́ tó wà lára ìwé bá jẹ́ ọjọ́ Friday, tí ìgbéyàwó sì jẹ́ Saturday, kò nílò kó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti ná aṣọ ẹbí, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, alága ìjókòó ti gba àsansílẹ̀. Ta ló lè sọ pé òun ò fọwọ́ sí i mọ́? Ní 2014, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá pé kó jẹ́ ọjọ́ 28 ṣáájú ìgbéyàwó, ó kéré tán. Òfin Nàìjíríà ò sọ iye ọjọ́ kankan, àmọ́ 28 yẹn dára láti dì mú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ àkójọ dúkìá àti gbèsè

Bí a bá ní kí a mú ojú ìwé kan ṣoṣo nínú àdéhùn náà, àkójọ yìí la máa mú. Gbólóhùn lọ́yà lè dùn létí, àkójọ ló ń ran adájọ́ lọ́wọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́fà yìí: kí ni, níbo ló wà, ìgbà wo lẹ ní in, owó ta ni, ìwé wo ló gbè é lẹ́sẹ̀, èló ni iye rẹ̀ lónìí. Báyìí ni ẹni tó ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ṣe máa ń kọ ọ́:

"Ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn."

Báyìí ló sì yẹ kó rí:

"Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn, ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Nọ́ńbà sọ́fè rẹ̀ ni èyí tó wà lára ẹ̀dà A. Mo rà á ní oṣù kẹta 2019 lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé. ₦1,200,000 ni mo san láti àkáǹtì owó oṣù mi, rísíìtì àti stétímẹ́ǹtì báńkì wà ní ẹ̀dà B. Ẹnikẹ́ni ò bá mi dá owó rẹ̀."

Ẹ rí i pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń pa ẹnu ìjà mọ́. Bí ẹnì kan bá bá yín dá owó, ìyá yín ni o, ẹ̀gbọ́n yín ni o, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tó mú wá.

Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé rèé. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú RSA, àkáǹtì tí wọ́n ń kó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ sí. Owó àjọ àti èsúsú tí kò tíì kàn yín. Ìpín nínú kọ́párétíìfù. Oko kòkó tàbí oko ọ̀pẹ ní abúlé. Wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ìpín ìdókòwò tí bàbá yín rà fún yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Dọ́là tó wà nínú àpù ìfowópamọ́, àti crypto. Ilé iṣẹ́ tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ ó sì sọ bóyá orúkọ òwò lásán ni tàbí kọ́ńpínì, àti iye ìpín tó jẹ́ tiyín.

Gbèsè ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù láti sọ, òun náà ló sì ń ba ìwé jẹ́ jù bí a bá fi í pamọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìròyìn gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, bíi CRC tàbí FirstCentral, kó so ó mọ́ àkójọ náà. Gbèsè orí fóònù máa ń yọjú níbẹ̀. Èyí tí kì í sábà yọjú ni gbèsè tí ẹ ṣe onídùúró fún, torí tí ẹni tí ẹ dúró fún bá sá lọ ní kọ́párétíìfù, ọrùn yín ni yóò bọ́ sí. Ẹ kọ ọ́.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun ìní yín láti kọ síbẹ̀ bí ẹni pé tiyín nìkan ni. Ẹ kọ ọ́ sí abala ọ̀tọ̀, kí ẹ sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí lẹ ní níbẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí nìkan ló lè tà á tàbí kí wọ́n pín in, nítorí náà àdéhùn èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe lórí rẹ̀ láìsí wọn ò lè dúró.

Ẹni tó bá fi dúkìá pamọ́ ti fúnra rẹ̀ já ìwé náà. Bí wọ́n bá rí ilé kan ní Lẹ́kí tí kò sí nínú àkójọ, kì í ṣe ilé yẹn nìkan ni adájọ́ yóò fura sí, gbogbo ohun tó kù nínú ìwé náà ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ó jọ kọ́

Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ náà sì ni ìwé tí wọ́n dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ nǹkan kan. Òfin ilẹ̀ wa gbà pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ohun tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó kó símẹ́ǹtì lọ sórí ilẹ̀ ọkọ tàbí aya rẹ̀ láìsí ìwé, ó ń fi owó rẹ̀ ṣe ọrẹ ni, àyàfi tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lára ìwé ilẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí lọ́yà kọ ọ́ ní kedere bóyá ẹ jọ ni í débi tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jẹ́ ti ẹni tó bá kù lẹ́yìn, tàbí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ tó lè há fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yàtọ̀ síra pátápátá, pàápàá fún ẹni tó ti bímọ níta.

Bí ilẹ̀ bá ti jẹ́ ti ẹnì kan kí ẹ tó fẹ́ra, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ó fi ka owó ẹnì kejì. Ẹ má kọ ọ́ ní iye náírà nìkan. Mílíọ̀nù méjì tí ẹnì kan kó sílẹ̀ ní 2015 kọ́ ilé dé òrùlé níbòmíràn, lónìí kò tó owó páànù. Ìdá nínú iye ilé ni kí ẹ kọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ilẹ̀ ọkọ jẹ́ ₦4 mílíọ̀nù. Kíkọ́ ilé jẹ́ ₦15 mílíọ̀nù, ọkọ mú 9 wá, ìyàwó mú 6. Bí ẹ bá yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀, ìpín ìyàwó nínú ilé jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Bí ẹ bá ka ilẹ̀ mọ́ ọn, 6 nínú 19 ni, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó pé ìdá 32. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí nígbà ìjà, oníkálukú yóò mú èyí tó gbè é.

Gbólóhùn tó lè ṣiṣẹ́ rèé:

"Bí a bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan nínú wa, ilẹ̀ náà yóò máa jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ẹnì kejì yóò ní ìpín nínú iye ilé gẹ́gẹ́ bí ìdá owó tó mú wá nínú gbogbo owó tí a fi kọ́ ọ. Ẹni tó ń díye ilé tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ni yóò sọ iye ilé náà ní ọjọ́ tí a bá pínyà tàbí tí a bá tà á. Stétímẹ́ǹtì báńkì, rísíìtì àti ìwé tí àwa méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí ni ẹ̀rí owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá."

Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ẹbí ni ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpín nínú ilé ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ilé ẹjọ́ ò lè gba ilẹ̀ ẹbí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹbí. Ẹ kọ owó náà ní gbèsè tí ọmọ ẹbí náà jẹ ẹnì kejì, tí yóò san láti inú ohun ìní tirẹ̀, kí ẹ sì tún so iye rẹ̀ mọ́ ìdá nínú iye ilé. Ní tiwa, a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kó owó ńlá lé orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, ìwé ì báà wà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ṣe é lójoojúmọ́, ó sì sàn kó wà lákọsílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣèlérí nínú ìwé pé òun yóò fún ẹnì kejì nílẹ̀, ìlérí ni, ilẹ̀ náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ìfilẹ̀fúnni lọ́tọ̀, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda gómìnà gẹ́gẹ́ bí Land Use Act ti 1978 ṣe sọ, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìyókù, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ò ní kọ

Òwò: bí ẹnì kejì bá ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láìgba owó oṣù, ẹ kọ bóyá ìrànlọ́wọ́ ni tàbí ó ń tibẹ̀ gba ìpín. Owó ilé: ta ló ń san owó iléèwé, ta ló ń san rẹ́ǹtì. Iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ láìbéèrè (ẹ má rẹ́rìn-ín, a ti rí ibi tí èyí ti lágbára ju ọ̀rọ̀ ilé lọ). Gbèsè tí ẹnì kan bá jẹ láìsí ìfọwọ́sí ẹnì kejì, tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀bùn tí ẹbí ọkọ tàbí ti ìyàwó bá gbé wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ẹ sọ ti ta ni.

Ẹ má kọ ta ni yóò mú ọmọ. Abala 71 nínú òfin 1970 fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, adájọ́ ò sì ní wo ìwé tí ẹ kọ kí wọ́n tó bí i. Ẹ má kọ pé ẹnì kan ò ní gba owó ìtọ́jú ọmọ láé. Ẹ má kọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù, torí tọkọtaya ò lè gba agbára lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ẹ má kọ pé tí ó bá ṣe panṣágà yóò pàdánù ohun gbogbo, tàbí pé bí ó bá kọ̀ mí sílẹ̀ yóò gba mílíọ̀nù báyìí. Àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí adájọ́ máa wo gbogbo ìwé náà bí ohun ìyà tí ẹnì kan fi ń halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì. Iṣẹ́ ilé, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ yàrá, ibẹ̀ kọ́.

Ẹ kọ gbólóhùn kan pé bí adájọ́ bá fagi lé apá kan, ìyókù yóò dúró. Ó kúrú, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìwé là.

Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ìhágún o. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun kan jẹ́ ti ẹnì kan lẹ́yìn ikú, ẹ kọ ìwé ìhágún lọ́tọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìwé ìhágún tí ẹ kọ kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó abẹ́ òfin sábà máa ń di asán ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà, àyàfi tí ẹ bá sọ nínú rẹ̀ pé ìgbéyàwó yẹn ni ẹ ń retí nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Orúkọ tí ẹ kọ sí àyè next of kin ní báńkì náà ò sọ ẹni yẹn di ajogún.

Ìgbésẹ̀ 6: Lọ́yà méjì

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́yà tirẹ̀. Lọ́yà kan fún ẹni méjì ni àléébù tó rọrùn jù láti fi dojú ìwé bolẹ̀, nítorí ẹni tó bá pàdánù yóò sọ pé lọ́yà náà, ti ẹnì kejì ni. Bí ẹnì kan ò bá lówó lọ́yà, ẹnì kejì lè fún un lówó, àmọ́ kí ó fi owó náà sínú àkáǹtì rẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ lọ yan lọ́yà tó wù ú. Kí lọ́yà kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà kúkúrú pé òun ṣàlàyé ìwé náà fún oníbàárà òun àti pé ó yé e, kí ẹ sì so lẹ́tà méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ rí i pé òǹtẹ̀ NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà) tí orúkọ lọ́yà wà lára rẹ̀ wà lórí ìwé tó bá ṣe.

Ẹ má gbé fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà wá fún lọ́yà yín kó kàn yí orúkọ padà. Ó kún fún ọ̀rọ̀ nípa dúkìá àjọni tí òfin wa ò mọ̀, àwọn ohun tó kàn yín gan-an, bí ilẹ̀ ẹbí àti òwò tí ò ní ìwé, kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ ìfọwọ́sí

Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àti àkójọ dúkìá pẹ̀lú, kì í ṣe ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan. Ojú ìwé tí wọn ò fọwọ́ sí ni wọ́n máa ń yọ. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀. Ẹ má mú ìyá ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń retí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹnì kan ò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá fún un ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé béèrè pé kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì hàn níbẹ̀ pé wọ́n ti kà á fún un, ó sì yé e. Bí èyí ò bá sí, ìwé náà lè má wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi mú un.

Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ san stamp duty rẹ̀, ìyẹn owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ yìí máa ń rí ìdíwọ́ bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù.

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, tàbí ẹ fẹ́ jápa

Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí pípín ohun tí tọkọtaya kó jọ, nítorí náà ẹni tó ní dúkìá ni ìwé náà ń gbè jù. Nínú ẹjọ́ Radmacher àti Granatino, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ dá ní oṣù kẹwàá 2010, àwọn adájọ́ sọ pé kí kóòtù máa tẹ̀ lé àdéhùn tí ẹni méjì fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí ohun tó túmọ̀ sí sì yé wọn, àyàfi bí yóò bá jẹ́ àìṣòdodo. Oṣù kẹjọ 1998 ni àwọn méjèèjì fọwọ́ sí tiwọn ní Jámánì, oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, ibi tí ọmọ yóò sùn ló máa ń ṣáájú ìwé èyíkéyìí. Kí ẹ sì má rò pé ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn ò kàn wọ́n. Bí ẹ bá ń kọra yín sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, gbogbo dúkìá yín káàkiri ayé ni wọn yóò ní kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, ohun tí tọkọtaya bá rí lẹ́yìn ìgbéyàwó sábà máa ń jẹ́ ti àwọn méjèèjì; Maryland àti Georgia ò rí bẹ́ẹ̀. California béèrè pé kí ọjọ́ 7 wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan gba ìwé tó parí àti ìgbà tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù I-864 (ìwé ìlérí pé òun yóò gbọ́ bùkátà ẹni tó ń bọ̀) láti mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọlé kò lè fi ìwé àdéhùn bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe tó gbà níwájú ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá kó kúrò ní Nàìjíríà, ẹ gbé ìwé yín lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ibi tí ẹ dé láàárín ọdún kìíní, kí ó sọ ohun tó yẹ kí ẹ tún kọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó

Ìwé tí tọkọtaya ò tẹ̀ lé ní ilé ò ní lágbára ní kóòtù. Bí ẹ bá kọ pé owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti ìyàwó nìkan, tí ẹ wá ń fi àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù san owó iléèwé, ra mọ́tò fún ọkọ, gba owó oṣù rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́. Ẹ lo àkáǹtì mẹ́ta: tirẹ̀, tèmi, tilé. Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ síbi ìkọ́lé, ẹ kọ ohun tó wà fún sí àyè ọ̀rọ̀ nínú trásífà: "símẹ́ǹtì 100, ilé Mọ́níyà", kì í ṣe "urgent". Owó tí ẹ kó fún bíríkìlà lọ́wọ́ kò sí níbìkankan, ẹ gba ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún ìwé náà wò nígbà tí ẹ bá bí ọmọ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ bá ra ilẹ̀ tuntun, nígbà tí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tuntun tí ẹ fọwọ́ sí pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi bírò fa ìlà sí èyí tó wà nílẹ̀.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan, kí ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí ní báńkì. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú wọ́dúróòbù ní yàrá, torí yàrá yẹn ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ tì pa bí ikú bá dé. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín ní ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i.